Bí a ṣe ń ka èdè inú ilé àti Gẹ̀ẹ́sì ará ìlú: ìdáhùn fún akọ̀wé kan ní Ìjùmú

Ìbéèrè: “Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa ní Ìjùmú, ìpínlẹ̀ Kogí. Ìdílé bíi 1,200 la jẹ́. Ìkéde ilé ìwòsàn, ìwé ìpàdé ẹgbẹ́, lẹ́tà ilé ìwé sí òbí, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀. Àwọn àgbà ní àwọn ò gbọ́. Àwọn olùkọ́ ní àwọn ọmọ ò sọ èdè wa mọ́, Gẹ̀ẹ́sì wọn náà ò sì jọ Gẹ̀ẹ́sì. Alága wa fẹ́ pàṣẹ kí gbogbo òbí máa sọ Gẹ̀ẹ́sì nílé. Mo ní ká kọ́kọ́ ka ohun tó wà nílẹ̀. Báwo la ṣe máa kà á tí a ò fi ní tan ara wa jẹ?”

Akọ̀wé wa, ọ̀kun o. Ibi tó tọ́ lẹ gbà wọ ọ̀rọ̀ náà. Bí alága bá pàṣẹ yẹn láìmọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé àwọn èèyàn, èdè wa ni yóò fara gbá a, Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ kò sì ní tìtorí ẹ̀ sàn. Ẹ ka ìlú náà. Ṣùgbọ́n kíka èdè kò dà bíi kíka ewúrẹ́. Ẹni tí ẹ bá bi pé ewúrẹ́ mélòó ló ní yóò yọjú sẹ́yìnkùlé, yóò kà á fún yín. Ẹni tí ẹ bá bi pé èdè wo ló ń sọ, ìtìjú àti iyì ni yóò kọ́kọ́ dáhùn. Ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì á ní òun ń gbọ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí kò fi èdè wa bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti ọdún mẹ́ta á ní èdè wa nìkan làwọn ń sọ. Wọn kò fẹ́ parọ́ fún yín o. Bó ṣe wù wọ́n kó rí ni wọ́n ń sọ. Torí náà, ohun tí ẹnu ṣe ni kí ẹ máa bèèrè, ibi tí ẹ bá sì ti lè dán nǹkan wò, ẹ dán an wò.

Àwọn kan máa ń da ìbéèrè ilé iṣẹ́ ìkànìyàn Amẹ́ríkà kọ ní tààrà. Láti 1980 ni wọ́n ti ń bèèrè mẹ́ta níbẹ̀, fún gbogbo ẹni tó bá ti pé ọdún 5: ṣé ó ń sọ èdè mìíràn yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì nílé, èdè wo ni, báwo ló sì ṣe ń sọ Gẹ̀ẹ́sì sí, dáadáa púpọ̀, dáadáa, kò dáa tó, tàbí kò sọ ọ́ rárá. Ó bá ibẹ̀ mu, torí Gẹ̀ẹ́sì ló yí gbogbo ilé ká. Ní Ìjùmú, gbogbo ilé ni yóò dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ò sì ní mọ nǹkan kan ju èyí tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ilé kan ṣoṣo, èdè mẹ́ta lè kọjá nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kan tó ṣú: Iye, ìyẹn ìyá, fi èdè wa rán ọmọ níṣẹ́, bàbá fi Yorùbá ṣọ́ọ̀ṣì bá a wí, ọmọ fi Gẹ̀ẹ́sì ilé ìwé dá àwọn méjèèjì lóhùn. Ìkànìyàn Nàìjíríà ti 2006 náà kò lè gbà yín, torí ẹ̀yà pàápàá, tí ẹ̀ bá fi fojú díwọ̀n èdè, kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti máa ń bàjẹ́ jù ni inú gbólóhùn kan tí kò jọ ohun tó lè ṣe ẹnikẹ́ni níbi: “Èdè wo lẹ ń sọ nílé?” Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí “ẹ” fúnra rẹ̀. Bí ọmọ ogún ọdún bá bi bàbá ẹni àádọ́rin ọdún bẹ́ẹ̀, “ẹ” lè jẹ́ bàbá nìkan, torí ọ̀wọ̀, ó sì lè jẹ́ gbogbo ará ilé, torí wọ́n pọ̀. Bàbá kan á dáhùn fún ara rẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé e á dáhùn fún ìyàwó, ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Nínú fọ́ọ̀mù, ìdáhùn méjèèjì á jọra, ẹ ò sì ní lè yà wọ́n mọ́ láéláé. “Nílé” ló tẹ̀ lé e. Ayálégbé tó wá láti Òkènè, “nílé” létí tirẹ̀, Òkènè ni. Á ní Ẹ̀bìrà ni, bẹ́ẹ̀ sì rèé Yorùbá ló fi ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú yàrá tó háyà nílùú yín. Ẹ̀kẹta ni “gbọ́”, tí ẹ máa lò nígbà tí ẹ bá dé orí Gẹ̀ẹ́sì. “Mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì” lè túmọ̀ sí pé mo lè sọ ọ́, ó sì lè túmọ̀ sí pé bí nọ́ọ̀sì bá ń sọ ọ́, mo máa ń mọ ibi tó ń lọ. Obìnrin tó di ọmọ sẹ́yìn níwájú tábìlì oògùn, tí nọ́ọ̀sì ní “come back on Thursday” fún, á mi orí. Ó gbọ́ “come back”. Ọjọ́ ni kò gbọ́. Bí ẹ bá bi í pé ṣé ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, á ní òun gbọ́, òótọ́ ló sì sọ dé àyè kan.

Báyìí ni kí ẹ bi í: “Ẹ̀yin fúnra yín, lánàá, nínú ilé tí a jókòó sí yìí, èdè wo lẹ fi rán ọmọ yín tó kéré jù níṣẹ́?” Ẹ fi orúkọ ọmọ náà sí i. “Lánàá” ṣe pàtàkì, torí ó máa ń mú kí èèyàn rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ dípò ohun tó wù ú. Lẹ́yìn náà: “Nígbà tó dá yín lóhùn, èdè wo ló fi dáhùn?” Ẹ má pa méjèèjì pọ̀ láé. Ilé tí òbí ti ń sọ èdè wa tí ọmọ sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn kò jọ ilé tí ọmọ ti ń fi èdè wa dáhùn. Fún ilé kọ̀ọ̀kan, ẹ béèrè ti ìbátan mẹ́fà: tọkọtaya sí ara wọn, òbí sí ọmọ, ọmọ sí òbí, ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà sí ọmọ, ọmọ sí wọn, àti àwọn ọmọ láàárín ara wọn nígbà tí wọ́n bá ń ṣeré. Bí mo bá ní láti mú ẹyọ kan péré nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ti eré ọmọdé yẹn ni mo máa mú. Kò sí ẹni tó ń ṣọ́ wọn níbẹ̀, èdè tí wọ́n bá sì fi ń jà lórí bọ́ọ̀lù ni èdè tí wọ́n máa fi tọ́ ọmọ tiwọn lọ́la.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, ẹ má dán an wò, ṣùgbọ́n ẹ kọ èdè tí àwọn àgbà fi ń bá a sọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ẹ máa bá ìyá tó ń fi Òyìnbó rọ ọmọ oṣù mẹ́jọ lẹ́kún.

Orúkọ èdè tún jẹ́ ọ̀fìn kan. “Ọ̀kun” tí gbogbo wa ń jẹ́ báyìí, láti inú ìkíni wa ló ti jáde. Òun ló kó Owé, Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ sábẹ́ orúlé kan. Ẹni tí ẹ bá bi nílùú yín lè ní “Yorùbá”, “Ọ̀kun”, “Ìjùmú”, tàbí “èdè wa”, kó sì jẹ́ pé ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ. Ó sì lè jẹ́ pé ẹni tó ní “Yorùbá” ń sọ Yorùbá àjùmọ̀lò inú Bíbélì àti rédíò ní tòótọ́, tí èdè ìlú yín ò sì sí lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá kó gbogbo wọn sábẹ́ “Yorùbá”, ohun tí ẹ torí ẹ̀ jáde nílé ti sọ nù. Nínú àkójọ èdè àgbáyé, àmì kan ṣoṣo, yor, ni wọ́n fi sí gbogbo wa lórí. Ẹ máa lo àmì yẹn bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n kí ẹ ní tiyín lábẹ́ rẹ̀: èdè ìlú yìí, èdè ìlú Ọ̀kun mìíràn, Yorùbá àjùmọ̀lò, àdàlù. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ tí ẹni náà fẹnu ara rẹ̀ sọ sílẹ̀ ná, kí ẹ tó wá fi àmì sí i nígbà tí ẹ bá padà dé orí tábìlì. Ẹ̀bìrà, Ígálà, Nupe, Haúsá, Fúlàní, Tífì, Bàsà, píjìn, kí kálukú ní ìlà tirẹ̀. Píjìn kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì tó bàjẹ́, ẹ má kà á mọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ó wá kan Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ jẹ́ kí ẹni náà kọ́kọ́ díwọ̀n ara rẹ̀ lọ́nà mẹ́rin, gbígbọ́, sísọ, kíkà, kíkọ, torí ẹ̀ ń fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ṣe jìnnà sí ìṣe rẹ̀ tó. Lẹ́yìn náà, ìdánwò kéékèèké mẹ́ta.

Ti gbígbọ́: ẹ gbé abọ́ pẹrẹsẹ kan kalẹ̀ pẹ̀lú òkúta kékeré kan, òkúta ńlá kan, ife kan, ṣíbí kan. Ẹ sọ lẹ́ẹ̀kan, ní ohùn jẹ́jẹ́: “Put the small stone under the cup and give me the spoon.” Máàkì kan fún òkúta tó tọ́, kan fún abẹ́ ife, kan fún ṣíbí. Ọ̀pọ̀ á ju òkúta sínú ife, torí “cup” ni wọ́n gbọ́, “under” kọjá lọ. Èyí gan-an lẹ ń wá. Ohun tó ń ba ìdánwò yìí jẹ́ ni ojú ẹni tó ń ṣe é: tí ẹ bá ti wo ife, tàbí tí ẹ fi ètè júwe rẹ̀ bí a ti máa ń ṣe, ẹ ti fún un ní ìdáhùn. Ojú ẹni náà ni kí ẹ máa wò.

Ti kíkà: káàdì kan tí ẹ kọ ọ̀rọ̀ ara páálí oògùn sí, “Take one tablet three times a day after food. Keep away from children.” Àwọn ìwádìí ìlera ìdílé tí wọ́n ń ṣe káàkiri Nàìjíríà náà máa ń lo káàdì, wọ́n á kọ bóyá ẹni náà ka gbogbo gbólóhùn, apá kan, tàbí kò lè kà á rárá. Ẹ fi ìpele kẹrin kún un: ó kà á, ó sì fi èdè tirẹ̀ ṣàlàyé ohun tó yẹ kí aláìsàn ṣe. Ẹ máa rí ọmọ JSS tó ka ìlà méjèèjì geerege bí ẹni ń ka ìròyìn, tí ẹ bá ní kó sọ bí ìyá rẹ̀ ṣe máa lo oògùn náà, á wo ilẹ̀.

Ti sísọ: àwòrán ọjà kan, ìṣẹ́jú kan, kó sọ ohun tó rí. Ìpele mẹ́ta ló ní: kò sọ nǹkan; ó dárúkọ nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan; ó so gbólóhùn pọ̀. Ẹ má yọ máàkì torí “he” tó yẹ kó jẹ́ “she”. “Ó” kan ṣoṣo la ní fún ọkùnrin, obìnrin àti ewúrẹ́, nọ́ọ̀sì sì máa gbọ́ ọ yé. Ìdí nìyí tí mi ò fi fẹ́ kí olùkọ́ ṣe ìdánwò yìí fún ọmọ kíláàsì rẹ̀: bíi WAEC ló máa máàkì í, ọmọ náà á sì yadi níwájú ẹni tó máa ń nà án.

Ẹ ṣe káàdì Yorùbá náà. Ọ̀pọ̀ ìyá tí kò mọ A yàtọ̀ sí B nínú Gẹ̀ẹ́sì ń ka Bíbélì àti ìwé orin Yorùbá láti ìgbà èwe, èyí sì ni yóò sọ fún yín bóyá ìkéde tí ẹ bá tẹ̀ ní Yorùbá máa dé ọ̀dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹsẹ Bíbélì sórí káàdì. “Olúwa ni olùṣọ́-àgùntàn mi” ti wà lórí ahọ́n wọn, wọ́n á kà á láìwo káàdì. Gbólóhùn tuntun nípa omi kànga tàbí abẹ́rẹ́ àjẹsára ló dára. Ti èdè ìlú yín, ẹ má dán kíkà rẹ̀ wò, torí Yorùbá àjùmọ̀lò ni wọ́n fi kọ́ wa ní ìwé kíkà. Ẹ jẹ́ kí àwọn Iye mẹ́ta tó dàgbà nílùú yan orúkọ nǹkan 20 tí ẹ máa fi dán ọmọ wò, ohun ìdáná, ohun oko, ẹ̀yà ara, gbogbo rẹ̀ kó jẹ́ èyí tó yàtọ̀ sí ti Yorùbá àjùmọ̀lò. Èyí tó bá jọra, kò lè sọ fún yín èdè wo ni ọmọ náà gbọ́.

Iye ilé ńkọ́? Ẹ kò ní láti wọ gbogbo 1,200. Láti ní èsì tí kò ní fi ju ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún yẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀, ìlú tó tóbi gan-an nílò 384. Ìlú yín kò tóbi tó bẹ́ẹ̀: ẹ fi 1,200 pín 383, ó jẹ́ 0.32; ẹ fi 1 kún un; ẹ wá fi 1.32 pín 384, ó jẹ́ 291. Ẹ ya àwòrán ìlú sílẹ̀ àdúgbò sí àdúgbò, ẹ fi nọ́ńbà sí ìdílé kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣẹ́ kèké láàárín 1 sí 4 láti mọ ibi tí ẹ máa ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wá máa mú ìkẹrin-ìkẹrin. Ó fún yín ní 300, ẹ sì lè pàdánù 9 péré. Ìdílé ni àwọn tó ń jẹ nínú ìkòkò kan náà, tí wọ́n sì ti ń sùn níbẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Agbo-ilé kan lè ní ìdílé márùn-ún. Ẹ má gbàgbé yàrá àwọn ayálégbé lẹ́yìn ilé àti gáà àwọn Fúlàní lẹ́yìn odi ìlú, torí àwọn ni wọ́n máa ń fò.

Ilé tí ẹ bá bá ní títì, ẹ padà lẹ́ẹ̀mẹta, ní ọjọ́ àti wákàtí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ má fi aládùúgbò rẹ̀ rọ́pò. Ẹni tó wà nílé ní aago mọ́kànlá àárọ̀ ni arúgbó. Olùkọ́, ọlọ́kadà àti àgbẹ̀ ti jáde. Bí ẹ bá ń fi ẹni tó wà nílé rọ́pò ẹni tí kò sí, Gẹ̀ẹ́sì ìlú yín á rẹlẹ̀ nínú ìwé ju bó ṣe rí lọ. Ìrọ̀lẹ́ láti aago mẹ́rin, àti ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ló dára jù. Ẹ yàgò fún ọjọ́ ọjà. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má ṣe é ní Kérésì tàbí Àjíǹde, nígbà tí àwọn ará Àbújá, Kàdúná àti Èkó bá kó ọmọ wọn wálé: Gẹ̀ẹ́sì á kún ìlú fún ọ̀sẹ̀ méjì, á sì bá ọkọ̀ padà.

Nínú ilé kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ gbogbo ará ilé sílẹ̀, kí ẹ wá ṣẹ́ kèké mú àgbà kan àti ọmọ kan fún ìdánwò. Baálé kò gbọdọ̀ dáhùn fún ọmọ. Nígbà tí ẹ bá ń ṣírò, ẹ sọ èsì àgbà náà di ìlọ́po iye àgbà tó wà nílé yẹn, kí ẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, opó tó ń dá gbé á wúwo ju ilé elérò púpọ̀ lọ. Ẹni méjì-méjì, ọ̀wọ́ mẹ́fà, ilé márùn-ún ní ìrọ̀lẹ́ kan: ọjọ́ mẹ́wàá, kí ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan kún un fún àwọn ilé títì. Èdè tí ẹ bá fi wọlé ni wọ́n á fi dá yín lóhùn, nítorí náà “ọ̀kun o” ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ, kí onílé fúnra rẹ̀ wá yí èdè padà bó bá fẹ́. KoboToolbox, ètò tí wọ́n fi ń gba ìdáhùn sílẹ̀ lórí fóònù, ń ṣiṣẹ́ láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ìwé náà sì tó. Nọ́ńbà ni kó wà lórí fọ́ọ̀mù tí ẹ bá tọ́jú, kó má jẹ́ orúkọ. Òfin ààbò ìsọfúnni ti 2023 kan ẹgbẹ́ yín náà. Òbí ló máa gbà kí ẹ tó dán ọmọ wò, kó sì wà níbi tó ti lè rí i.

Tí èsì bá dé, ẹ pín in sí ọjọ́ orí: 5 sí 14, 15 sí 29, 30 sí 49, 50 sókè. Ìpín tí iye èèyàn rẹ̀ kò bá tó 30, ẹ kọ iye náà bẹ́ẹ̀, ẹ má sọ ọ́ di ìdá ọgọ́rùn-ún. Fún èdè wa, òṣùwọ̀n tí UNESCO gbé jáde ní 2003 wúlò: 5 bí tọmọdé tàgbà bá ń sọ ọ́, 4 bó bá jẹ́ díẹ̀ nínú àwọn ọmọ, tàbí gbogbo ọmọ ṣùgbọ́n ní àwọn ibì kan nìkan, 3 bó bá ku ìran àwọn òbí sókè, 2 bó bá ku àwọn òbí àgbà, 1 bó bá ku àwọn arúgbó kùjọ́kùjọ́ díẹ̀, 0 bí kò bá sí ẹni tó ń sọ ọ́ mọ́. Ibi tí ìlú kan ti ń jábọ́ láti 4 sí 3 ni ọwọ́ ṣì lè tó o. Ẹ wo ìlà “ọmọ sí ọmọ” níbẹ̀ dáadáa.

Ti alága wá kù. Èsì yín lè fi hàn pé ilé tí wọ́n ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ ti yege jù. Ẹ má jẹ́ kó fi ìyẹn pàṣẹ. Ilé olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba ló sábà máa jẹ́, ìwé wà nílé, owó lẹ́sìnnì wà, iná wà lálẹ́. Ẹ béèrè ìpele ẹ̀kọ́ ìyá àti bàbá àti iye ìwé tó wà nílé, kí ẹ wá fi ilé tó jọra wéra. Ohun tó yẹ kó mọ̀ ni pé láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ kan. Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ yẹn kò rẹ̀yìn ti àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Ìjọba àpapọ̀ ní 2022 fọwọ́ sí èdè abínibí fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ nílé ìwé, ó sì fagi lé e ní 2025. Kíláàsì nìyẹn ń sọ̀rọ̀ lé, kò kan ẹnu Iye nínú ilé ìdáná. Òbí tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò ju “come” àti “go” lọ, tí ẹ bá ní kó fi Gẹ̀ẹ́sì tọ́ ọmọ, ọ̀rọ̀ tó máa bá ọmọ náà sọ lójúmọ́ á dín kù, ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ yẹn náà lọmọ máa gbé dé ilé ìwé.

Fọ́ọ̀mù ilé 10 péré ni kí ẹ tẹ̀ ná. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan túmọ̀ ìbéèrè sí èdè ìlú yín, kí ẹlòmíì tí kò rí ti àkọ́kọ́ dá a padà sí Yorùbá, ibi tí méjèèjì kò bá ti bára mu ni kí ẹ tún ṣe. Kí àwọn olùwádìí méjì máàkì ẹni 10 kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí wọ́n bá yapa lórí ju ẹni 2 lọ, ẹ tún wọn kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó lọ tẹ ti ilé 300.